Láptọ́ọ̀pù 2GB, GIMP ò fẹ́ ṣí: kí ni ká máa fi gé fótò lórí Linux?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní business centre kékeré kan ní Òṣogbo, fótò pásípọ́ọ̀tù àti ìwé tí àwọn èèyàn fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sábà máa ń gé. Windows 10 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, Picture Manager ni mo fi ń gé fótò, kò sí wàhálà kankan. Ìgbà tí wọ́n ní àwọn ò tọ́jú Windows 10 mọ́ ni ọmọ àǹtí mi kan bá mi fi Linux Mint, èyí tó jẹ́ Xfce (ojú iṣẹ́ Linux tó fúyẹ́), sórí láptọ́ọ̀pù mi tó jẹ́ 2GB RAM. Ó ní kí n máa lo GIMP, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe. Ẹ̀gbọ́n, kí GIMP tó ṣí, kọ́sítọ́mà á ti máa pòṣé. Tí mo bá wá gé e tán tí mo tẹ save, xcf ló ń fún mi, pọ́tàlì ò dẹ̀ gbà á. Èwo ló fúyẹ́ jù tí mo lè dánlóòdù, tó jẹ́ pé gígé nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ dẹ̀ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ díẹ̀ ná, torí nǹkan mẹ́ta ló lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá di gbogbo ẹ̀ ru GIMP. Ó ń pẹ́ kó tó ṣí, ó ń fún yín ní xcf, ẹ tún ti gbà lọ́kàn yín pé àfi kẹ́ ẹ lọ dánlóòdù nǹkan míì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú kẹ́ ẹ má baà sun dátà dànù: ẹ dúró ná. Lórí Linux Mint tẹ́ ẹ ń lò yẹn, ohun tó ń gé fótò ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, Pix lorúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo Mint lọ́dún gbọọrọ tí wọn ò ṣí i rí, torí tí èèyàn bá tẹ fótò lẹ́ẹ̀mejì, Xviewer ló máa ń gbé e jáde, Xviewer dẹ̀ kàn ń fi fótò han èèyàn ni, kì í gé nǹkankan. Òmíì tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Drawing. Láti Mint 19.3 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni àwọn tó ń ṣe Mint fúnra wọn ti yọ GIMP kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀, Drawing ni wọ́n mú wọlé lásìkò kan náà. Ìyẹn ni pé ọmọ àǹtí yín ló lọ wá GIMP wá fúnra ẹ̀, ó ro rere ro yín ni, kò kàn mọ̀ pé iṣẹ́ yín ò tó ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ xcf ò gba àlàyé púpọ̀. Láti GIMP 2.8, ọdún 2012, save ti di ti xcf nìkan, ìyẹn fáìlì tí GIMP fi ń tọ́jú iṣẹ́ téèyàn ò tíì parí, kó lè padà bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jpg, Export ni kẹ́ ẹ tẹ̀, Ctrl+Shift+E, kẹ́ ẹ kọ .jpg sẹ́yìn orúkọ fáìlì náà. Tó bá jẹ́ pé orí fáìlì àtijọ́ lẹ fẹ́ kọ ọ́ lé, Overwrite wà nínú mẹ́nù File. Nǹkankan ò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì ti ń bí àwọn èèyàn nínú látìgbà náà.

Ní ti pípẹ́ tó ń pẹ́, GIMP ò ya ọ̀lẹ, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ló pọ̀. Tó bá ń ṣí, á ka gbogbo plug-in (irinṣẹ́ àfikún) tó wà nínú ẹ̀, á ka búrọ́ọ̀ṣì, á ka gbogbo fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin oní-business centre dẹ̀ nìyí, fọ́ǹtì ìwé ìpè ìgbéyàwó, fọ́ǹtì ìsìnkú, fọ́ǹtì pósítà ìsọjí, ẹ ti kó gbogbo ẹ̀ jọ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí fọ́ǹtì bá ṣe pọ̀ tó náà ni iṣẹ́ tó máa ṣe ṣe máa pọ̀ tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti GIMP 2.10.4, abẹ́lẹ̀ ló ti ń ka fọ́ǹtì láìdá ṣíṣí dúró. Ṣùgbọ́n ibi tí mẹ́mọ́rì ti ń tán gan-an, inú fótò fúnra ẹ̀ ni, ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi nǹkan gbọ́. Ẹ máa rí fótò tí fáìlì ẹ̀ jẹ́ 3MB, ẹ á ní kí ni 3MB lè fi 2GB ṣe. Ẹ̀n-ẹ́n, jpg ò yàtọ̀ sí gààrí, bó ṣe rí nínú àpò kọ́ ló máa rí tó bá kan omi. Fótò tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4000 tí gíga ẹ̀ jẹ́ 3000, píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 nìyẹn, ìkọ̀ọ̀kan á gba báìtì 3, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, 36MB ló máa jẹ nínú RAM, sọ́fítíwíà tó bá tún fi báìtì kẹrin kún un á sọ ọ́ di 48MB. Àwọn fóònù tuntun tí kámẹ́rà wọn jẹ́ megapixel 50, tẹ́ni tó ni í bá fi gbogbo agbára ẹ̀ yà á, fótò ẹyọ kan ń lọ sí 150MB tàbí 200MB. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó máa gé fótò yẹn ló máa kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ báyẹn, àfi díẹ̀, màá dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn tó bá yá. GIMP wá tún ń tọ́jú undo, kẹ́ ẹ lè padà sẹ́yìn, ìyẹn náà ń gba àyè tiẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó wà ní ṣíṣí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ṣí tẹ́míná, ìyẹn wíńdò tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ free -h, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ available. Tí pọ́tàlì bá wà lórí Firefox, tí WhatsApp Web wà nínú tábù kejì, tí ẹnìkan tún ń gbọ́ orin lórí YouTube nínú ẹ̀kẹta, ẹ máa rí i pé ohun tó kù nílẹ̀ ò tó nǹkan. Tí RAM bá sì ti tán, ṣe ni Linux á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sínú swap, ìyẹn àyè tó ń lò bíi RAM lórí hádíìsìkì, hádíìsìkì àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri dẹ̀ lọ́ra ju RAM lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí màúsì dúró gbagidi tí iná hádíìsìkì ń ṣẹ́jú wàrà-wàrà. Tó bá ti débẹ̀, sọ́fítíwíà yòówù kẹ́ ẹ fi gé fótò, á lọ́ra. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ pa YouTube yẹn.

Ìdí nìyẹn tí "èwo ló fúyẹ́ jù" ò fi ní ìdáhùn kan tó bá gbogbo èèyàn mu. Èyí tó fúyẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tèmi lè wúwo lórí tiyín. Xfce tẹ́ ẹ ń lò, orí GTK ló dúró lé, ìyẹn àwọn láíbúrárì tó ń ya bọ́tìnnì, mẹ́nù àti wíńdò sójú skírínì. Tẹ́ ẹ bá mú sọ́fítíwíà tóun náà ń lo GTK kan náà, ọ̀pọ̀ nǹkan tó nílò ti wà nínú mẹ́mọ́rì tẹ́lẹ̀, ohun tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan ló máa kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ lọ mú ti KDE, ojú iṣẹ́ Linux míì, bíi Gwenview tàbí KolourPaint, àwọn méjèèjì dáa o, ẹni tó bá ti ń lo KDE tẹ́lẹ̀ ò ní láti máa wá nǹkan míì kiri torí Gwenview ń gé fótò dáadáa, àmọ́ lórí Xfce tiyín, á kó Qt (irú GTK tiwọn) àti àwọn láíbúrárì KDE tẹ̀lé ara ẹ̀ wá. Kó tó di pé ẹ gbà, apt, ohun tó ń gbé sọ́fítíwíà wọlé láti inú tẹ́míná, á ti sọ fún yín: ẹ kọ sudo apt install gwenview, ẹ má tíì tẹ Y, ẹ ka ìlà tó sọ iye MB tó fẹ́ dánlóòdù àti ìlà tó sọ àyè tó máa gbà lórí hádíìsìkì, tó bá ti pọ̀ jù fún yín, ẹ tẹ N, ẹ máa bá tiyín lọ. Flatpak, ọ̀nà míì tí ápù ń gbà wọlé, tún ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún nínú Software Manager. Ó lè jẹ́ pé ápù yẹn fúnra ẹ̀ ò ju 5MB lọ, àmọ́ tẹ́ ò bá ní runtime (àwọn láíbúrárì tó gbára lé) tó ń lò tẹ́lẹ̀, á wọ́ ọ wá, runtime yẹn dẹ̀ lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún MB. Pẹ̀lú owó dátà tòde òní, mi ò rò pé ẹ fẹ́ irú ìyẹn torí fótò pásípọ́ọ̀tù.

Ó dáa, Pix. Ara gThumb ni wọ́n ti fà á yọ, GTK ló ń lò, kò ní kó àlejò kankan wọlé. Ẹ lọ sínú fódà tí fótò wà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún màúsì tẹ fótò náà, Open With, ẹ yan Pix. Mo sọ pé kẹ́ ẹ gbabẹ̀ torí tó bá jẹ́ inú mẹ́nù lẹ ti lọ ṣí Pix, á kọ́kọ́ fẹ́ ya àwòrán kékeré-kékeré gbogbo fótò tó wà nínú fódà, tó bá jẹ́ pé fódà kan náà lẹ ti ń kó fótò gbogbo kọ́sítọ́mà sí láti ọdún tó kọjá, ẹ máa jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kódà ẹ máa ṣí fódà tuntun fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, á ràn yín lọ́wọ́. Tí fótò bá ti ṣí, ẹ wá ibi tí wọ́n kó irinṣẹ́ àtúnṣe sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí Crop níbẹ̀. Àárín fótò á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn, ohun tó mọ́lẹ̀ yẹn ló máa kù. Ẹ má tíì fi màúsì fà á o. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n fífẹ̀ sí gíga, ẹ yan Other, ẹ kọ 7 sí ọ̀kan, 9 sí èkejì, torí pásípọ́ọ̀tù tó jẹ́ 35mm sí 45mm, 7 sí 9 náà ni. Láti ibẹ̀ lọ, bó ti wù kẹ́ ẹ fa igun ẹ̀ tó, kò ní yẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n yẹn, ojú àti èjìká nìkan lẹ máa mójú tó. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ lọ sí Resize, ẹ kọ 413 sí fífẹ̀ àti 531 sí gíga, ìyẹn ni 35mm sí 45mm tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi, ìyẹn tóótòó 300 nínú íǹṣì kan. Ẹ wá lo Save As, kẹ́ ẹ fún un lórúkọ míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Save lásán, torí ọkọ ìyàwó tí ẹ gé etí ẹ̀ á padà wá, ẹ ò dẹ̀ ní rí ojúlówó fótò mọ́.

Gígé àti dídín kù, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ibẹ̀ ni ìjà kọ́sítọ́mà pẹ̀lú pọ́tàlì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, DS-160. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni fótò tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ dọ́gba, tó wà láàárín píksẹ́lì 600 sí 600 àti 1200 sí 1200, jpg, tí ò ju 240 kilobyte lọ. Ẹ lè gé fótò kó dọ́gba rẹ́gí, kí ojú wà láàárín, kí gbogbo nǹkan pé, tó bá ṣì jẹ́ 2800 sí 2800, wọ́n á lé e padà, kọ́sítọ́mà á wá máa wò yín bíi pé ẹ ò mọ iṣẹ́. Gígé ń yọ ẹ̀gbẹ́ kúrò ni, ohun tó kù ṣì wà bó ṣe wà. Resize ló ń dín píksẹ́lì kù, quality tí wọ́n ń bi yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń save jpg ló tún ń dín kilobyte kù. Nọ́ńbà dpi ní tiẹ̀, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fáìlì fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán ni, ẹ yí i láti 72 sí 300, fótò ò ní mọ́ kedere sí i.

Ní ti àwọn tó kù tẹ́ ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn: Drawing ń gé, ó ń dín kù, ó dẹ̀ ń save jpg tààrà láìsí ọ̀rọ̀ export, ó dáa fẹ́ni tó tún fẹ́ kọ nǹkan sára fótò tàbí fi àmì sí i, mo kàn fẹ́ràn Pix jù fún pásípọ́ọ̀tù torí ọ̀rọ̀ 7 sí 9 yẹn. Ẹni tí kì í ṣe Mint ló ń lò, gThumb ni kó fi sí i, ìyá Pix ni, wọ́n ṣì ń ṣàtúnṣe sí i. Pinta rọrùn, ara kóòdù Paint.NET ti Windows ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2010, ọwọ́ ẹni tó mọ Paint á tètè mọ̀ ọ́n, àmọ́ .NET, àwọn láíbúrárì ti Microsoft, ló ń bá rìn, ìyẹn tún jẹ́ ẹrù míì. Loupe tó jẹ́ ti GNOME, ojú iṣẹ́ Linux míì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gígé sínú ẹ̀ ní GNOME 48, oṣù Kẹta 2025 ni, ó rẹwà, ọwọ́ ẹ̀ dẹ̀ yá, ṣùgbọ́n Mint 22 dúró lórí Ubuntu 24.04, GNOME 46 ló wà níbẹ̀, Loupe ibẹ̀ ò tíì ń gé nǹkan, GTK4 tó ń lò náà gbára lé káàdì àwòrán tí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní. Shotwell ni kẹ́ ẹ fura sí. Tẹ́ ẹ bá gé fótò nínú ẹ̀, kì í fọwọ́ kan fáìlì yín, inú ìwé àkọsílẹ̀ tiẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí pé báyìí ni kóun máa fi hàn, àfi tẹ́ ẹ bá Export kó tó di fáìlì tuntun, mo mọ àwọn tó gé fótò nínú ẹ̀ tán tí wọ́n wá ń gbé èyí tí wọn ò gé lọ sórí pọ́tàlì léraléra. XnView MP mọ iṣẹ́ gan-an, àmọ́ ọ̀fẹ́ ẹ̀, ti ẹni tó ń lò ó nílé ni, iṣẹ́ ajé lẹ̀yin ń ṣe, wọ́n ní kí irú yín ra láísẹ́ǹsì. Ẹ tún lè rí àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń yin Mirage pé òun ló fúyẹ́ jù. Òótọ́ ni nígbà ayé ẹ̀, ṣùgbọ́n Python 2, èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, ni wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n ń yìn nígbà yẹn, Python 2 dẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2020, ẹ má wá a kiri mọ́.

Tí ilé ìwé kan bá wá kó fótò ọmọ 80 fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jókòó ti Pix. ImageMagick ni iṣẹ́ yẹn, inú tẹ́míná ló wà, kò ní wíńdò, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó fúyẹ́. Ẹ fi sudo apt install imagemagick gbé e wọlé, ẹ lọ sínú fódà àwọn fótò náà, ẹ kọ mkdir gige, lẹ́yìn náà ẹ kọ mogrify -path gige -auto-orient -resize 413x531^ -gravity center -extent 413x531 -quality 92 *.jpg, ẹ tẹ Enter, ẹ lọ mu omi. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé á dín fótò kọ̀ọ̀kan kù títí á fi kún 413 sí 531 láìfi àyè sílẹ̀, á wá gé ohun tó yọ sẹ́yìn láti àárín. Ẹ má gbàgbé -path gige yẹn láé, torí tí ò bá sí níbẹ̀, orí ojúlówó fótò ló máa kọ ọ́ lé, kò sí undo nínú tẹ́míná. Ẹ má yọ -auto-orient náà kúrò. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń tọ́jú fótò ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n á wá fi àmì kan sínú ẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó gbé e dìde, tẹ́ ò bá jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé e dìde, etí lẹ máa gé dípò orí. Ìṣòro tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé ImageMagick ò mọ ibi tí ojú èèyàn wà, àárín fótò ló mọ̀. Tí ẹni tó ya fótò bá gbé àwọn ọmọ náà sí àárín gbùngbùn gbogbo wọn, ẹ ti jẹun, tó bá jẹ́ pé ó yà wọ́n wúrúwùrú, ẹ máa padà fi ọwọ́ gé díẹ̀ nínú wọn. Fún ti 240 kilobyte físà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, convert foto.jpg -auto-orient -resize 1000x1000 -define jpeg:extent=230kb tuntun.jpg á wá quality tó bá ìwọ̀n yẹn mu fúnra ẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gé jpg tẹ́ ẹ save lẹ ń ba fótò jẹ́. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, torí sọ́fítíwíà á tú jpg sílẹ̀, á gé e, á tún un dì, jpg dẹ̀ ń ju nǹkan díẹ̀ nù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dì í. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ní quality 90 sókè, tẹ́ ẹ tún fẹ́ dín in kù sí 413 sí 531, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ibi tó ti máa ń hàn ni ibi tí wọ́n ti gé fáìlì kan náà lónìí, tí wọ́n tún un gé lọ́la, tí WhatsApp tún ti fún un pa lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí tó ní lẹ́tà wíntíwíntí, tẹ́ ò fẹ́ kí nǹkankan sọnù, jpegtran ni ẹyọ kan tí mo ní màá dárúkọ yẹn, inú libjpeg-turbo-progs ló wà. Kì í tú píksẹ́lì sílẹ̀ rárá, ṣe ló ń ka àwọn búlọ́ọ̀kù tí jpg pín fótò sí, á kó èyí tẹ́ ẹ fẹ́, á fi ìyókù sílẹ̀, fótò ò ní mọ̀ pé wọ́n gé òun. Ẹ kọ jpegtran -copy all -crop 800x1000+160+96 -outfile tuntun.jpg atijo.jpg, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ àti gíga, méjì tó tẹ̀ lé e ni ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ láti òsì àti láti òkè. Torí pé búlọ́ọ̀kù ló ń kó, ìwọ̀n píksẹ́lì 8 tàbí 16 ni ibẹ̀rẹ̀ ẹ̀ máa ń bọ́ sí, tẹ́ ẹ bá ní kó bẹ̀rẹ̀ níbi 163, á sún padà sẹ́yìn díẹ̀. Fún pásípọ́ọ̀tù, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ máa lò ó, kíka nọ́ńbà lẹ máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe.

Ohun kan wà tẹ́ ò béèrè, àmọ́ ìwé àwọn èèyàn ló ń wà lọ́wọ́ yín, NIN, sítétíméǹtì báǹkì, nítorí náà màá sọ ọ́. Gígé ò túmọ̀ sí pé ohun tẹ́ ẹ gé kúrò ti parẹ́. Kámẹ́rà sábà máa ń fi àwòrán kékeré fótò náà pamọ́ sínú EXIF, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó fara pamọ́ sínú fáìlì fótò, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á àti nígbà míì ibi tí wọ́n ti yà á, sọ́fítíwíà tí ò bá tún ti kékeré yẹn ṣe á fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa gé nọ́ńbà àkáǹtì kúrò lókè, á ṣì wà nínú èyí tó wà ní ìpamọ́. Ní oṣù Kẹta 2023, àṣírí tú pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé screenshot lórí fóònù Pixel àti Snipping Tool ti Windows 11 ń fi apá kan fótò àtijọ́ sílẹ̀ nínú fáìlì, torí wọ́n kọ fáìlì kékeré lé orí èyí tó tóbi láìgé ìdí ẹ̀ kúrò, àwọn èèyàn dẹ̀ ń fa ohun tí wọ́n gé kúrò jáde padà. Wọ́n ti tún un ṣe. Save As sí orúkọ tuntun tí mo ní kẹ́ ẹ máa lò yẹn ń gbà yín lọ́wọ́ irú èyí. Fún EXIF, ẹ fi libimage-exiftool-perl sórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ kọ exiftool -all= tuntun.jpg, á nu gbogbo ẹ̀, á tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú _original lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, ẹ pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹ rí i dájú pé fótò ti dìde dúró kẹ́ ẹ tó nù ún o, torí àmì tó ń gbé fótò dìde náà wà lára ohun tó máa nù.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ Pix rárá. Tẹ́ ẹ bá ń síkáànì ìwé, Document Scanner ní Crop tiẹ̀ nínú, ẹ gé e níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó save, ẹ lè yan A4 tàbí kẹ́ ẹ fa á bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Tó bá jẹ́ ohun tó wà lójú skírínì lẹ fẹ́ mú, xfce4-screenshooter ní ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ pé apá kan péré lẹ fẹ́, ẹ fi màúsì yí i ká, ó tán. Mo rí àwọn tó ń ya gbogbo skírínì, tí wọ́n á wá gbé e lọ sínú GIMP torí kí wọ́n lè gé tááskíbáà kúrò nísàlẹ̀.

Ẹ má tíì yọ GIMP kúrò ṣá. Pix ò lè sọ ògiri aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn kọ́sítọ́mà di funfun, kò lè pa òjìji tó wà létí ẹ̀ rẹ́, àwọn físà kan dẹ̀ ń béèrè funfun gan-an. GIMP ni ẹ ṣì máa ṣí fún ìyẹn, àmọ́ ẹ fi Pix gé fótò náà, kẹ́ ẹ dín in kù díẹ̀ sí bíi píksẹ́lì 1200 ná, kẹ́ ẹ tó gbé e wọ inú GIMP, ìyàtọ̀ láàárín 48MB àti 6MB ò kéré lórí 2GB. Kẹ́ ẹ sì kó àwọn fọ́ǹtì tẹ́ ò lò mọ́ kúrò nínú fódà fọ́ǹtì lọ síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá wo mẹ́nù tẹ́ ò rí Pix níbẹ̀, bóyá ẹnìkan ti yọ ọ́, sudo apt install pix ló máa dá a padà, ẹ kọ́kọ́ ka ìlà MB yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ Y.